Kékeré Ni A Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀kọ́ Ìwádìí fún Àwọn Onímọ̀-Ẹ̀rọ

Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Òwe yìí kò mọ sórí alágbẹ̀dẹ nìkan. Ẹni tí ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ náà, ojú kan ni ó ń lù. Ó mọ ohun tí ó ń wá, ó mọ ìdí tí ó fi ń wá a, ó sì mọ ọ̀nà tí yóò fi dá ojúlówó ìdáhùn mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, ta ni ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ tí ó ń wá oyè kejì ní bí a ti ń lu ojú kan? Òtítọ́ korò: ní ibi púpọ̀, kò sí ẹni tí ó ń kọ́ ọ. Wọ́n a fún un ní nóòtù, wọ́n a fún un ní ìdánwò, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tì í sínú igbó ìwádìí láìfi àdá lé e lọ́wọ́.

Ohun tí àròkọ yìí dúró lé lórí kò ju ẹyọ kan lọ. Ọgbọ́n ìwádìí kì í ṣe ohun tí a ń sáré kó jọ ní ìparí ẹ̀kọ́, nígbà tí ó bá ku oṣù díẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Inú iṣẹ́ kíláàsì gan-an ni ó yẹ kí wọ́n ti máa kọ́ ọ, láti orí kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni èyí, kí ó rin ìrìn àjò dé Otor-Udu. Otor-Udu ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Udu ní ìpínlẹ̀ Delta, lẹ́bàá Warri, láàrin àwọn ará Urhobo. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Ovwian àti Aladja wà, níbi tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ irin ńlá kan sí, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Delta Steel Company. Ní 1982 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i. Wọ́n ṣètò rẹ̀ láti máa pèsè mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù irin lọ́dọọdún. Ọ̀nà tí wọ́n yàn kì í ṣe ti àtijọ́ tí a fi ń da èédú pọ̀ mọ́ òkúta. Gáàsì tí ó pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Niger Delta ni wọ́n fẹ́ fi lé ọ́síjìn kúrò lára òkúta irin, lẹ́yìn náà ni iná mànàmáná yóò yọ́ èyí tí ó bá kù nínú ìléru. Irin tí ó bá ti ibẹ̀ jáde ni wọn yóò máa kó lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fa irin gùn ní Òṣogbo, ní Jos àti ní Katsina. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Aladja kì í ṣe ti àwọn ará Udu nìkan. Ẹni tí ó ń ra irin ìkọ́lé ní Ìbàdàn tàbí ní Iléṣà ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Kò sí ọdún kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ náà pèsè iye irin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Ní 2005, ìjọba tà á. Ní 2015, ó tún bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó yẹ kí ó máa gbé òkúta irin wá láti Itakpe, 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó di 2020 kí Ààrẹ Muhammadu Buhari tó ṣí i. Ujevwu, ní ilẹ̀ Udu kan náà, ni ọ̀nà yìí parí sí. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí iṣẹ́ ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí wọ́n tó ṣí i.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ pọ̀ jọjọ. Owó wà níbẹ̀, iná mànàmáná wà níbẹ̀, òṣèlú náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀kọ́ ń purọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí owó nìkan kò lè yanjú, òun náà ni ọ̀rọ̀ òkúta. Nínú òkúta irin Itakpe bí wọ́n ṣe ń wà á nílẹ̀, nǹkan bí ìdá 36 nínú 100 ni irin. Yanrìn àti àwọn ohun mìíràn ni ó gba ìyókù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ Aladja kò lè jẹ òkúta tí irin inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 67 tàbí 68 nínú 100. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí orílẹ̀-èdè tí òkúta irin kún inú rẹ̀ fi ń ra òkúta láti Liberia àti Brazil. Ọ̀nà wo ni a lè gbà lọ òkúta yìí, kí a sì fọ̀ ọ́ títí yóò fi dé ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ń fẹ́, láìná owó tí yóò mú kí irin náà wọ́n ju ti òkèèrè lọ? Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn tí ó pé nínú ìwé ilẹ̀ òkèèrè kankan, nítorí pé òkúta Itakpe kò sí níbòmíràn. Àwọn ará Jámánì àti Austria tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ náà lè ta ẹ̀rọ. Wọn kò lè ta àṣà bíbèèrè ìbéèrè. Ìjọba sì dá ibùdó ìwádìí irin sílẹ̀ ní Jos, ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe ìwádìí, ènìyàn ni í ṣe é. Níbo ni ènìyàn náà yóò ti kọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nísinsìnyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá oyè kejì nínú ìmọ̀-ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ fi nǹkan bí ọdún kan ṣe iṣẹ́ kíláàsì. Ní kọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn òmíràn, olùkọ́ yóò wọlé, yóò kọ ìṣirò sára pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ yóò dà á kọ. Bí ìdánwò bá dé, yóò dá a padà fún olùkọ́ bí ẹni tí ń san gbèsè. Gbogbo ìṣirò tí wọ́n fún un ni ó ti ní ìdáhùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ sì ti mọ ìdáhùn náà. Láàrin gbogbo èyí, kọ́ọ̀sì kan yóò wà tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n ìwádìí. Ìyẹn náà, nóòtù ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há oríṣiríṣi ìwádìí sórí bí ọmọdé ṣe ń há orúkọ àwọn olú-ìlú sórí, yóò sì yege láìbèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá sọ fún un pé, ‘Ó yá, lọ wá àkòrí.’ Ọ̀rọ̀ bùṣe! Ẹni tí wọn kò kọ́ ní ìbéèrè rí, wọ́n ní kí ó bèèrè. Ẹni tí kò ka jọ́nà kan já láti fi ojú lámèyítọ́ wò ó, wọ́n ní kí ó ka ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò mọ bí àṣìṣe ṣe ń wọ inú ìwọ̀n, wọ́n ní kí ó wọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n. Ṣé ó wá yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àkòrí tí ẹgbọ́n rẹ̀ ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni yóò tún gbé, tí yóò yí orúkọ ìlú padà, tí yóò sì dì í ní ìwé aláràbarà? Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò wà lórí pẹpẹ ilé ìkàwé títí eruku yóò fi bò ó. Òkúta Itakpe yóò sì wà níbi tí ó wà.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò kọ́ iṣẹ́ irin báyìí. Ní 1904, òyìnbó kan tí ó ń jẹ́ Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa ilé ìyọ́rin kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn Yorùbá ti ń fi èédú yọ́ irin láti inú òkúta. Ọmọ-iṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í jókòó kọ́ orúkọ ẹwìrì fún ọdún kan kí ó tó fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ tí ó bá ti wọlé ni yóò ti máa rí i pé òkúta tòní kò rí bí ti àná, pé èédú igi yìí gbóná ju ti igi yẹn lọ, pé ìdàrọ́ pọ̀ jù lónìí, ó sì ní ohun tí ó fà á. Iṣẹ́ àti ìbéèrè jọ ń dàgbà nínú rẹ̀ ni.

Àwọn ará òkèèrè tí wọ́n rí i ṣe náà kò gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1824, Justus Liebig, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21, di olùkọ́ ní yunifásítì Giessen ní ilẹ̀ Jámánì. Kò fi ìmọ̀ kẹ́míkà mọ sórí ẹnu. Ó gbé àwọn nǹkan tí akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ ka iwájú wọn, ó ní kí wọ́n wádìí ohun tí ó wà nínú wọn, láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le. Nígbà tí wọn yóò fi dé òpin àtẹ̀gùn yìí, ìbéèrè tiwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wádìí. Ẹ kíyè sí i: iṣẹ́ kíláàsì ni àtẹ̀gùn náà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹ̀kọ́ yìí ti tàn ká Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ti Aladja jù lọ ni ti Kòríà Gúúsù. Ní 1968 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin POSCO sílẹ̀ ní ìlú Pohang, irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ ní 1973, ọdún mẹ́sàn-án péré kí ti Aladja tó ṣí. Ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ sórí ríra ẹ̀rọ. Ní 1971 ni ìjọba wọn ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ tí ó wà fún àwọn tí ń wá oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀-ẹ̀rọ, èyí tí ó di KAIST tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ní 1986, ilé-iṣẹ́ irin náà fúnra rẹ̀ tún dá yunifásítì ìwádìí sílẹ̀ sí Pohang, ní ẹ̀gbẹ́ ìléru rẹ̀. Irin àti ìbéèrè di aládùúgbò. Ní ilẹ̀ Udu, ìléru dá wà. Òótọ́ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ epo rọ̀bì ti wà ní Effurun nítòsí ibẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún epo rọ̀bì sì dé ní 2007. Epo ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá wọn sílẹ̀. Ta ni ó wá ń béèrè ìbéèrè irin?

Ẹnìkan lè sọ pé Nàìjíríà ti bí àwọn olùwádìí ńlá láìsí gbogbo ètò yìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ti yunifásítì Èkó, tí ó kú ní 1984, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1974 ó tún gba oyè DSc níbẹ̀, ó sì ṣe ọkọ̀ Autonov 1 tí ó lè sáré síwájú àti sẹ́yìn bákan náà. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kò lè máa dúró de àkàndá ẹ̀dá. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni láti sọ ọmọ tí orí rẹ̀ pé níwọ̀nba di ẹni tí ó lè wádìí ohun kan délẹ̀. Àkàndá yóò là á já níbikíbi tí wọ́n bá gbé e sí. Àwọn yòókù ni wọ́n nílò olùkọ́.

Kí ni ṣíṣe? Ohun mẹ́rin ni, kò sì sí èyí tí ó ṣòro nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni kíkà. Ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta lórí rẹ̀: Kí ni àwọn òǹkọ̀wé yìí wọ̀n? Báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n? Kí ni ó lè mú kí ìdáhùn wọn yẹ̀? Ẹni tí ó bá ṣe èyí nígbà mẹ́jọ nínú kọ́ọ̀sì mẹ́jọ kò tún ní í máa tẹríba fún ìwé nítorí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni wíwọ̀n. Kí kọ́ọ̀sì tí ó jẹ mọ́ irin má ṣe parí láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ohun kan tí olùkọ́ pàápàá kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ wo ìpẹtà. Kí wọ́n gé irin kan náà sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n gbé mẹ́ta sí Otor-Udu, mẹ́ta sí etí odò ní Aladja, mẹ́ta sí Òṣogbo tí ó jìnnà sí òkun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, kí wọ́n fọ ìpẹtà dànù, kí wọ́n tún un wọ̀n. Ibo ni irin ti jẹ jù, kí sì ni ìdí? Ṣé ọ̀rinrin ni, àbí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́, àbí èéfín gáàsì tí wọ́n ń sun? Èé ṣe tí ó fi yẹ kí ó jẹ́ mẹ́ta ní ibì kọ̀ọ̀kan, tí ẹyọ kan kò tó? Nínú iṣẹ́ kékeré yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ àbá, yóò kọ́ àṣìṣe, yóò kọ́ sùúrù. Òṣùwọ̀n tí ó péye nìkan ni ohun èlò tí ó wọ́n nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni títún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú èsì kan tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, kí ó tún un ṣe, kí ó sì wò ó bóyá yóò rí ohun kan náà. Bí kò bá rí i, kí ó sọ ìdí. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Ẹ̀kẹrin ni kíkọ àti gbígbèjà. Kí ó kọ ojú-ìwé mẹ́rin péré lórí ohun tí ó ṣe, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á, kí wọ́n bi í léèrè, kí ó sì dáhùn ní gbangba. Kí ìdajì máàkì kọ́ọ̀sì sì wà fún èyí. Kí wọ́n fún ìbéèrè tí ó mú ní máàkì, kí wọ́n sì fún òtítọ́ ní máàkì, àní bí èsì kò bá rí bí wọ́n ṣe rò. Èsì tí kò bá ìrètí mu kì í ṣe ìkùnà. Irọ́ ni ìkùnà.

Àwọn tí kò fara mọ́ èyí ní àwíjàre tiwọn, ó sì yẹ kí á gbọ́ wọn. Àwọn kan ní kò sí ẹ̀rọ, kò sí owó, pé ìyanṣẹ́lódì ń gé ọdún ẹ̀kọ́ kúrú. Òtítọ́ ni, ní 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi yanṣẹ́ lódì. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Àìsí ẹ̀rọ olówó ńlá kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti bi ìwé léèrè, tàbí láti wọn ìpẹtà. Àwọn mìíràn ní akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ jù fún olùkọ́ kan. Kí wọ́n pín ogójì akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́wàá. Ìròyìn mẹ́wàá ni olùkọ́ yóò kà, kì í ṣe ogójì ìwé ìdánwò tí gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà.

Àwíjàre tí ó lágbára jù ni ti àwọn tí ó sọ pé ìpìlẹ̀ ni iṣẹ́ kíláàsì, pé ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kò lè bèèrè nǹkan. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá oyè kejì kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọdún márùn-ún ni ó ti fi kọ́ ìpìlẹ̀ yìí. Bí ọdún márùn-ún kò bá tó kí ó tó la ẹnu, ìgbà wo ni yóò là á? Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ibi tí ìmọ̀ ẹni kò dé hàn án. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ewu tuntun kan tún dé. Láti ìparí 2022 ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń kọ àròkọ fúnra rẹ̀ ti wà ní àrọ́wọ́tó ẹnikẹ́ni. Nóòtù tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dà kọ, ẹ̀rọ náà lè dà á kọ jù ú lọ. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ó jẹ́ àtúnpè lásán, yóò kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n kò lè lọ sí etí odò Aladja lọ wọn irin. Bí àwọn yunifásítì bá ń bá a lọ láti máa fi máàkì fún ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, ẹ̀rọ ni wọ́n ń fún ní oyè.

Kí wá ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ irin? Ó kàn án gidigidi. Àìsàn kan náà ni ó ń ṣe ilé yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gba ìwé-ẹ̀rí NCE náà ń kọ iṣẹ́ ìwádìí ní ọdún ìkẹyìn, òun náà ń ṣe àdàkọ ti ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àpẹẹrẹ rere wà lọ́dọ̀ọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀. Ìbéèrè wọn kò gùn: bí wọ́n bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣé yóò mọ̀wé ju ẹni tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ? Wọ́n kò há ìdáhùn kankan sórí láti inú ìwé òkèèrè. Wọ́n kọ́ ọmọ, wọ́n fi ọmọ wé ọmọ, èsì wọn sì gbe èdè abínibí. Ìbéèrè ilẹ̀ yìí ni, ilẹ̀ yìí náà ni wọ́n sì ti dáhùn rẹ̀.

Olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́la wà lórí ìjókòó kíláàsì lónìí. Ọmọ tí olùkọ́ bá ń nà nítorí pé ó béèrè pé ‘Èé ṣe?’, òun ni yóò di akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì tí kò ní ìbéèrè kankan. Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ yunifásítì tún iṣẹ́ kíláàsì onímọ̀-ẹ̀rọ ṣe, kí àwọn olùkọ́ dín nóòtù kù, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá má ṣe máa pariwo pé kí wọ́n fún wọn ní ohun tí yóò jáde nínú ìdánwò. Òkúta ṣì wà ní Itakpe. Gáàsì ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ Delta. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti dé Ujevwu. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò lu ojú kan. Àbá ni í di òótọ́, ojo ni kì í jẹ́.